Ọ̀gà oníwo méjì láti orí òkè Cameroon: oúnjẹ ẹ̀, omi ẹ̀, àti bó ṣe máa yè nínú ooru Ìbàdàn

Àkànbí_Apẹtẹ
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará ibí. Mo ní ọ̀gà (agẹmọ) kan nílé, kì í ṣe irú èyí tí a máa ń bá lórí igi gúáfà lẹ́yìnkùlé o, èyí ní ìwo méjì gbọọrọ níwájú imú, awọ ẹ̀yìn ẹ̀ sì dìde bí ogbe àkùkọ títí dé ìrù. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó lọ Kánádà ló fi sílẹ̀ fún mi, òun náà rà á lọ́wọ́ ẹnì kan l'Ékòó, wọ́n ní orí òkè ní Cameroon ló ti wá. Gbogbo àlàyé tí ẹ̀gbọ́n ṣe ò ju "máa fún un ní ìrẹ̀, máa wọ́n omi sí i" lọ, ó wọ báàlù, ó di gbéré.

Yàrá òkè ni mo gbé e sí, nínú kéèjì nẹ́ẹ̀tì tí kápẹ́ńtà kàn fún mi. Mo gbé abọ́ omi síbẹ̀, kò tiẹ̀ wò ó. Ojú ẹ̀ méjèèjì fẹ́ máa wọnú, tó bá di ọ̀sán á la ẹnu sílẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ a sì ṣí. Ibi funfun tó máa ń wà lára ìgbẹ́ ẹ̀ ti di yẹ́lò, ó fẹ́ máa pọ́n. Ó ń jẹ tata àmọ́ kò jẹ ẹ́ tó bó ṣe ń jẹ ẹ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e dé. Ṣé àìsàn ni àbí ilé tuntun ni ò tíì mọ́ ọn lára? Kí ló ń jẹ gan-an, báwo ló ṣe ń mu omi, oògùn wo ni kí n rà? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pẹ́ o.

Ọmọ_Mẹsíọ̀gọ̀
Àkànbí ìwọ náà! Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń sin ajá, o lọ gba alágẹmọ 😂😂 tó o bá gbé e dé ọjà Bódè tí wọ́n ti ń ta èèlò oògùn ìbílẹ̀ báyìí wọn ò ní jẹ́ kó o ná an lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń ṣeré ni o. Èmi náà fẹ́ gbọ́ ìdáhùn, mo jókòó síbí.

Ìyá_Ẹlẹ́yẹ_Bódìjà
Àkànbí, gbé e kúrò lókè kó o tó ka ìyókù ohun tí mo fẹ́ kọ. Yàrá òkè lábẹ́ páànù l'Ápẹtẹ, nínú ooru oṣù Kẹta, èmi gan-an ò lè sùn níbẹ̀. Àwọn ọ̀gà orí òkè ò fẹ́ kí ọ̀sán wọn ju dígírì 25 tàbí 26 lọ, tó bá ti ń lọ sí 30 tí kò sì rí ibi tútù sá sí, ìyà ti ń jẹ ẹ́ nìyẹn. Ẹnu tó ń là lọ́sàn-án àti àwọ̀ tó ń ṣí, ooru ni. Ojú tó ń wọnú àti ìgbẹ́ tó ń pọ́n, òǹgbẹ ni. Oúnjẹ ò tíì kàn án rárá, ẹran tí òǹgbẹ ń gbẹ kì í jẹun.

Wá yàrá kan nísàlẹ̀ tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ kì í bá ògiri ẹ̀. Bí ilé yín bá ní yàrá alámọ̀ àtijọ́ lẹ́yìnkùlé, ibẹ̀ ló dáa jù. Má da omi yìnyín lé e lórí o. Omi lásán ni, fi sìpíréyà ọwọ́ fọ́n ọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sórí àwọn ewé tó yí i ká, má jẹ́ kó lù ú lójú, má sì yára lọ. Kò ní mu lẹ́sẹ̀ kan náà. Á kọ́kọ́ dákẹ́, á máa yí ojú kiri, ó lè tó ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lá omi lórí ewé, tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ ó lè mu ún pẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe é tì, wọ́n á fọ́n ọn fìṣì-fìṣì lẹ́ẹ̀mejì wọ́n á bá tiwọn lọ, ọ̀gà ò tíì mọ̀ pé òjò rọ̀.

Abọ́ omi yẹn, gbé e jáde. Omi tó ń dán, tó ń kán láti orí ewé ló mọ̀ pé omi ni, èyí tó dúró sójú kan nínú abọ́ ò jọ omi lójú ẹ̀, ìdọ̀tí àti ìgbẹ́ ló kàn máa kó síbẹ̀. Lọ sí kẹ́mísìtì, ra okùn dírípù tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára, tuntun tó wà nínú náílọ́ọ̀nù ẹ̀ o, so ó mọ́ ike omi tó o gbé sórí kéèjì, yí rólà ẹ̀ títí yóò fi máa kán tó, tó, tó sórí ewé kan tó fẹ̀. Gbé ike mìíràn sísàlẹ̀ kó gba èyí tó bá ṣẹ́ kù. Jẹ́ kó máa kán láàárọ̀ fún bíi wákàtí kan. Èmi rí i pé ó dáa ju kéèyàn máa dúró ti sìpíréyà lọ, pàápàá fún ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́.

Nǹkan kan tún wà: sìpíréyà tuntun ni kó o rà. Má lọ lo èyí tí wọ́n ti fi fọ́n oògùn apakòkòrò tàbí oògùn ìkoríko rí, bó ti wù kó o fọ̀ ọ́ tó.

Àkànbí_Apẹtẹ
Ẹ ṣé gan-an mà. Mo ti gbé e sí yàrá ìkẹ́rù nísàlẹ̀. Mo fi tẹmọ́mítà ilé adìyẹ àbúrò mi wò ó, òkè lọ́hùn-ún ń sọ 33, ìsàlẹ̀ 28. Ó ti pa ẹnu dé ṣá, àwọ̀ ẹ̀ náà ti ń padà di ewé. Àmọ́ kò tíì dé 25 tí ẹ wí, ẹ̀rọ amúlétutù ò sì sí nílé mi, iná gan-an ẹ mọ bó ṣe rí.

Ayọ̀_Buea
Mo gbé Buea, lẹ́sẹ̀ òkè Cameroon, títí mo fi parí ilé ìwé girama, bàbá mi ń ta aṣọ níbẹ̀. Ọ̀gà yẹn, Trioceros montium ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Akọ ló ń ní ìwo méjì yẹn, abo ẹ̀ kì í ní. Ara òkè Cameroon àti agbègbè ẹ̀ ló ń gbé, láàárín bíi mítà 500 sí 1,200 sókè ju òkun lọ, Ìbàdàn tiwa ò sì ju mítà igba àti díẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá dé Buea nírọ̀lẹ́ ẹ máa rí i tí kùrukùru bá bọ́ sílẹ̀ láti orí òkè, gbogbo ewé á tutù rinrin títí ilẹ̀ á fi mọ́, ó lè tó ọjọ́ mélòó kan kẹ́ ẹ má rí ṣóńṣó òkè náà rárá. Debundscha tó wà nísàlẹ̀ òkè yẹn létí òkun, òjò ọdún kan níbẹ̀ ń lọ sí bíi mìlímítà 10,000, ti Ìbàdàn ń lọ sí bíi 1,300. Ibi tí wọ́n ti mú ẹran yìí wá nìyẹn.

Ẹ̀yin ń bẹ̀rù ọ̀sán, èmi òru ló ń bà mí lẹ́rù. Lọ́hùn-ún òru lè sọ̀ sí 17, 18, ara ẹ̀ á wá tutù, á sinmi, kò ní máa lo omi inú ara ẹ̀ dànù. Òru Ìbàdàn nínú oṣù yìí, tó bá sọ̀ sí 23 ẹ dúpẹ́. Ọ̀gà orí òkè tí kò bá rí òtútù lóru, bó ti wù kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ lọ́sàn-án, á kàn máa rù lọ díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ ò ní mọ ohun tó ṣe é. Tó bá jẹ́ pé ọ̀sán ló gbóná dé 28 díẹ̀ àmọ́ tí òru ẹ̀ tutù, ìyẹn sàn.

Ọmọ_Mẹsíọ̀gọ̀
Ẹ̀yin ará Buea, ẹ ò sọ fún wa pé ẹ ń gbé nínú fíríìjì 😂

Ìyá_Ẹlẹ́yẹ_Bódìjà
Òótọ́ l'Ayọ̀ sọ. Àkànbí, tí ẹ̀rọ amúlétutù ò bá sí, ohun tí èmi máa ń ṣe nígbà ọyẹ́ àti nínú ooru gbígbẹ rèé: mo máa ń ta àpò ìdọ̀họ tó ti rin sí ẹ̀gbẹ́ kan kéèjì, má jẹ́ kó bo gbogbo ẹ̀, máa wá gbé fáànù kékeré tó ń gba sólà sẹ́yìn ẹ̀ lókèèrè kí atẹ́gùn gba ara àpò kọjá. Bí omi ṣe ń gbẹ lára àpò ló ń fa ooru lọ. Àmọ́ ẹ fetí sílẹ̀ o, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ nìkan nìyẹn ń ṣiṣẹ́. Tó bá di oṣù Kẹfà tí gbogbo afẹ́fẹ́ ti lọ́rinrin, omi ò ní gbẹ lára àpò, o kàn ń sọ yàrá di ilé ìwẹ̀ ni. Nígbà yẹn, piọ wọ́tà tó ti dì, tó nípọn, tò ó sínú kúlà tí kò ní ìdérí, gbé e síwájú fáànù ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Ìwọ̀nba ló máa fi tutù, àmọ́ ìwọ̀nba yẹn náà ló ń wá.

Tí wọ́n bá mú iná lọ, ṣí fèrèsé méjèèjì tó kọjú síra, kí nẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀ nítorí ológbò.

Títí_Minnesota
Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ Mókọ́lá ni mí, Amẹ́ríkà ni mo wà báyìí. Tèmi oníwo mẹ́ta ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Jackson's, orí òkè Kenya àti Tanzania ni wọ́n ti ń wá, ìbátan sì ni pẹ̀lú ti Àkànbí. Ọ̀rọ̀ òru yẹn, mo fọwọ́ sí i pátápátá. Èmi ni mo gbádùn jù lórí ìyẹn torí òtútù ni gbogbo ìlú yìí, mo kàn máa ń pa gbogbo iná kéèjì ni, yàrá á lọ sí 16, màá wá tan ẹ̀rọ tó ń tú kùrukùru sílẹ̀ láàárín òru. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn kan lára àwọn tó ń sin ọ̀gà lóde òní gbà pé nínú kùrukùru òru yẹn ló ti ń fa omi tó pọ̀ sára bó ṣe ń mí? Wọ́n ní èyí tó ń lá lórí ewé, àfikún ni.

Tèmi abo ni, ọmọ ló ń bí kì í yé ẹyin. Ti Àkànbí yìí ní tiẹ̀ ẹyin ni abo ẹ̀ ń yé sínú ilẹ̀. Nígbà tí tèmi bí, ọmọ kọ̀ọ̀kan jábọ́ sílẹ̀ nínú awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fa awọ ya, ó gun igi lọ, ìyá ò wẹ̀yìn.

Ọmọ_Mẹsíọ̀gọ̀
Agẹmọ ti bímọ ẹ̀ tán, àìmọ̀jó kù sọ́wọ́ ọmọ agẹmọ! Àwọn àgbà ti rí i tipẹ́ nìyẹn.

Ìbéèrè o: so Àkànbí kàn lè máa fọ́n omi sí i láti àárọ̀ dalẹ́, kó sọ inú kéèjì di Debundscha. Ṣé kò ní yanjú ẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Dókítà_Oníẹran
Kò ní yanjú ẹ̀, á pa á ni. Ẹ jẹ́ n wọlé sí i torí ibi tí mo ti ń rí wọn ní kíníìkì nìyẹn. Òtútù pẹ̀lú ọ̀rinrin, ìyẹn ni orí òkè. Ooru pẹ̀lú ọ̀rinrin pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí kò lọ tí kò bọ̀, ìyẹn ni àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. Torí náà, fọ́n omi dáadáa ní ìdájí kí oòrùn tó mú, fọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú tí ooru ti lọ, láàárín ọ̀sán jẹ́ kí ewé gbẹ pátápátá. Dírípù àárọ̀ tí Ìyá Ẹlẹ́yẹ wí dáa. Tí ọ̀sán bá gbóná gan-an tó ń la ẹnu, ẹ lè fọ́n díẹ̀ láti fi tù ú nínú, ìyẹn kì í ṣe ti ojoojúmọ́. Kéèjì nẹ́ẹ̀tì tí Àkànbí kàn yẹn dáa fún ìlú wa ju gíláàsì lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, atẹ́gùn ń gba inú ẹ̀.

Ẹ máa tẹ́tí sí èémí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ tàù-tàù kékeré tó bá ń mí, tó gbé orí sókè kó tó lè mí, tí ìfófòó tàbí ikun tó ki wà létí ẹnu tàbí imú ẹ̀, ẹ má dúró di ọjọ́ Ajé, ẹ gbé e wá. Ọ̀gà máa ń fi àìsàn pamọ́ títí yóò fi le. Èyí tó bá ń di ojú lọ́sàn-án gangan, tó ń sùn nígbà tó yẹ kó máa wò kiri, àìsàn ti wọ ibẹ̀ jìnnà.

Lórí òǹgbẹ, èyí ṣe pàtàkì: òǹgbẹ tó bá pẹ́ lára ọ̀gà, kíndìnrín ló ń bà jẹ́. Ẹ lè rí i tó jẹun, tó ń rìn, kó wá kú lójijì. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ yín, ẹ má lọ gún un ní abẹ́rẹ́ apakòkòrò àrùn tó kù nínú ìgò tí wọ́n fi tọ́jú ajá. Ó ní àwọn tó jẹ́ pé kíndìnrín ni wọ́n ń bá jà, jẹntamáísìn wà lára wọn, tí omi ò bá sí lára ẹran kó tó gbà á, ó tán. Ẹ fún un lómi kó tó kan oògùn kankan. Àwọ̀ ibi funfun lára ìgbẹ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi máa wò ó. Tó bá funfun, omi tó. Tó bá kàn yẹ́lò díẹ̀ létí, ẹ má bẹ̀rù. Tó bá pọ́n látòkèdélẹ̀, ẹ tún ọ̀nà omi ṣe.

Àkànbí_Apẹtẹ
Dókítà ẹ ṣé sà. Kò sí tàù-tàù kankan. Ó ti mu omi láàárọ̀ yìí! Mo dúró síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, mo ti fẹ́ máa lọ ni mo rí ahọ́n. Ó mu ún, ó mu ún, ó mu ún. Ó ku oúnjẹ. Tata inú igbó tó wà lẹ́yìn ilé wa ni mo ń mú fún un, wọ́n pọ̀, yẹ́lò àti dúdú, wọn ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń sá.

Tata_àti_Ìrẹ̀_Mọ́níyà
Dúró dúró dúró. Tata tó ní yẹ́lò àti dúdú tí kì í sá, tó máa ń ṣùjọ sórí pákí àti sórí ewé Akíntọ́lá? Má fún un mọ́. Ìdí tí kì í fi í sá ni pé ó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò fẹ́ jẹ òun. Oró inú ewé Akíntọ́lá yẹn ló ń kó jọ sára. Àwọn èèyàn kan máa ń sè é jẹ níbòmíràn, ṣùgbọ́n èèyàn ń sè é, ọ̀gà ò ní ìkòkò. Kòkòrò tó ń tan iná lóru náà, tanátaná, má jẹ́ kó dé ìtòsí ẹ̀, òmíràn nínú wọn lóró tó ń pa aláǹgbá. Tata ewé tàbí ti aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń fò, èyí tó o bá máa ń sáré lé, ìyẹn ni tiẹ̀, kó o sì mú un níbi tí wọn ò fọ́n oògùn sí. Mo mọ àwọn tó ń ṣa kòkòrò lábẹ́ iná títì nírọ̀lẹ́, ẹ ò mọ ilé tí wọ́n ti fọ́n oògùn ẹ̀fọn sí i kó tó fò débẹ̀.

Èmi ń sin ìrẹ̀ àti aáyán, iṣẹ́ mi ni, torí náà ẹ lè ní mo ń polówó ọjà mi. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí ṣá. Ìrẹ̀ lójoojúmọ́ ń sú ọ̀gà, pàápàá àwọn orí òkè yìí, á kàn kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan. Ohun tó ń fò ni wọ́n fẹ́ràn. Eṣinṣin tí ẹ sin fúnra yín nínú ike, àfòpiná, labalábá kékeré, ìgbín kéékèèké tí kò tíì tó èékánná, ẹ fi pààrọ̀ ara wọn. Èsúnsún ní àsìkò òjò, ó dùn mọ́ wọn àmọ́ òróró pọ̀ nínú ẹ̀, díẹ̀ ni. Ìdin dúdú tí wọ́n ń sìn fún oúnjẹ ẹja àti adìyẹ, èyí tó ń di eṣinṣin dúdú gígùn, ìyẹn dáa gan-an torí kálísíọ̀mù pọ̀ lára ẹ̀ ju ti kòkòrò yòókù lọ, eṣinṣin ẹ̀ gan-an tó bá ti fò, ọ̀gà á fi ahọ́n lé e. Kì í ṣe ìdin ilé ìgbọ̀nsẹ̀ o!!

Kòkòrò ò gbọdọ̀ tóbi ju bí orí ẹ̀ ṣe fẹ̀ lọ. Àgbà ọ̀gà, fún un ní mẹ́ta sí márùn-ún, fo ọjọ́ kan, tún fún un. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ló ń jẹ lójoojúmọ́. Tó o bá ń rọ́ ọ yó, á sanra, ọ̀rá á bo ẹ̀dọ̀ ẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, kó o jáde kó tó di alẹ́, ìrẹ̀ máa ń jẹ ọ̀gà lára tó bá ń sùn.

Ohun tí ìrẹ̀ jẹ ni ọ̀gà jẹ. Fún ìrẹ̀ ní karọ́ọ̀tì, ìbẹ́pẹ, ewé ọ̀dùnkún, mòríńgà, fún ọjọ́ kan tàbí méjì kó o tó fi bọ́ ọ. Má fi tẹ̀tẹ̀ tàbí gbúre ṣe é ní gbogbo ìgbà, ohun kan wà nínú wọn tó ń di kálísíọ̀mù mọ́lẹ̀ tí ara ò fi ní rí i lò. Lẹ́yìn náà da kálísíọ̀mù oní fítámì D3 bo kòkòrò náà lójoojúmọ́, egungun ẹ̀ á le.

Dókítà_Oníẹran
Gbogbo ẹ̀ ni mo gbà, àfi gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Ojoojúmọ́ kọ́! Ọ̀gà orí òkè yàtọ̀ sí èyí tó ń gbé ilẹ̀ ooru. D3 àti fítámì A tó bá pọ̀ jù, ara wọn kì í lè lé e jáde, ẹ ó wá rí i tí abẹ́ ọrùn àti èjìká ẹ̀ máa wú, omi ló kó síbẹ̀. Mo rí èyí ju ti egungun rírọ̀ lọ lọ́dọ̀ àwọn tó fẹ́ràn ẹran wọn jù. Kálísíọ̀mù lásán tí kò ní D3, ẹ wọ́n ọn fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìyẹ̀fun tí ò ju ká kàn rí i lọ sára kòkòrò. Oní fítámì, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ó tó. Fítámì adìyẹ tí wọ́n ń pò mọ́ omi, ẹ má dà á sínú dírípù, ẹ ò ní mọ iye tó mu.

Tata_àti_Ìrẹ̀_Mọ́níyà
Dókítà, ọmọ ọ̀gà inú igbó wa níbí ni mo ti ń fún bẹ́ẹ̀ tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Kí ni kí ẹni tí kò rí kálísíọ̀mù lásán rà ṣe?

Dókítà_Oníẹran
Ọ̀gà inú igbó wa, Chamaeleo gracilis tàbí senegalensis, ooru ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n lè fara da ohun tí èyí ò lè fara dà. Ẹ má fi ọ̀kan wọn òmíràn.

Fún kálísíọ̀mù: èèpo ẹyin, sè é, sá a gbẹ, lọ̀ ọ́ kúnná, jọ̀ ọ́. Tàbí ìkarahun tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìyẹ, wọ́n ń tà á ní gbogbo ìsọ̀ oúnjẹ ẹran, òun náà gbọ́dọ̀ kúnná. Kì í ṣe egungun lílọ̀ o, fọ́sífọ́ọ̀sì wà nínú ìyẹn, ó sì ti pọ̀ jù lára kòkòrò tẹ́lẹ̀.

D3 gangan, oòrùn ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó fún un. Ẹ gbé kéèjì síta láàárín aago méje àbọ̀ sí mẹ́sàn-án àárọ̀, kí ìdajì wà lábẹ́ ewé kó lè yan ibi tó fẹ́. Ìdajì wákàtí tó. Ẹ má gbé e sẹ́yìn fèrèsé gíláàsì kẹ́ ẹ ní ó ti rí oòrùn, gíláàsì máa ń dá ìtànṣán tí à ń wá yẹn dúró, ooru nìkan ló ń jẹ́ kó kọjá. Bọ́ọ̀bù tó ń gbóná, ẹni tó wà ní Minnesota ló nílò ẹ̀, ẹ má tan án ní Ìbàdàn.

Títí_Minnesota
😂 Dókítà, èmi náà kì í tàn án ju wákàtí mélòó kan láàárọ̀ lọ.

Bàbá_Ọ̀jé
Mo kí gbogbo yín. Mo ti ń kà á bọ̀ látòkè. Láyé tiwa, ẹni bá rí agẹmọ lójú ọ̀nà yóò yà fún un ni, a kì í gbé e wọlé, ẹran tí wọ́n ní ó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò kó tó le. Mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹran tí ẹ ń lọ wá piọ wọ́tà dídì fún kó tó lè sùn, ṣé kò ní sàn kí ẹ gbé e lọ sínú igbó Agodi kó bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ? Àti pé báwo ló ṣe gba ẹnubodè wọlé?

Ayọ̀_Buea
Bàbá, ẹ kú àgbà sà. Ìbéèrè ẹnubodè yẹn ni kò sẹ́ni tó bi Àkànbí. Gbogbo irú ọ̀gà yìí wà nínú Àfikún Kejì CITES (àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹran àti ewéko inú igbó), ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e kó tó ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, òfin sì ti wà lórí ẹ̀ ní Nàìjíríà láti ọdún 1985, wọ́n tún un ṣe ní 2016. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń kó gba inú igbó wá ò ní ìwé kankan, nínú àpò ni wọ́n ń dì wọ́n sí. Àkànbí ò mọ̀, wọ́n fi sílẹ̀ fún un ni, àmọ́ kó bi ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bóyá ìwé wà. Ẹ̀yin tó ń ka ibí tó ti ń wù yín, ẹ má rà á lọ́wọ́ wọn.

Lórí igbó Agodi: yóò kú níbẹ̀ sà, ooru náà ló wà níbẹ̀. Tí kò bá sì kú, ìyẹn tún burú. Lọ́dún 1972 ni wọ́n kó oníwo mẹ́ta ti Títí yẹn dé Hawaii, àwọn kan bọ́ sígbó, títí dòní wọ́n ṣì ń bí síbẹ̀, wọ́n ń jẹ àwọn ìgbín àti kòkòrò tí kò sí níbòmíràn láyé.

Bàbá_Ọ̀jé
Mo gbọ́. Ẹ tọ́jú ẹ̀ dáadáa nígbà náà. Ẹ má sì gbé e lọ Bódè.

Ìyá_Ẹlẹ́yẹ_Bódìjà
Àmín sà. Àkànbí, má máa gbé e lọ́wọ́ kiri fún àwọn àlejò o, kò fẹ́ràn ẹ̀, má sì gbé dígí sítòsí, tó bá rí ara ẹ̀ nínú ẹ̀ á rò pé akọ mìíràn ló wá bá òun jà. Igi tó ń gùn, wá òdòdó hibiscus kan sínú ìkòkò, ewé ẹ̀ fẹ̀, ó ń gbé omi dúró, kò sì lóró.

Àkànbí_Apẹtẹ
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n, kò sí ìwé kankan, ó ní òun ò mọ̀ pé wọ́n ń bèèrè ẹ̀. Ọ̀rọ̀ aràn ló kù tí n kò tíì gbọ́. Ẹnì kan ládùúgbò ní kí n fún un ní ìvámẹ́ẹ̀tìn tí wọ́n ń gún ewúrẹ́, ó ní ẹyọ ẹ̀kán kan péré.

Dókítà_Oníẹran
Ẹ̀kán kan ti ewúrẹ́, lára ẹran tó kéré tó báyìí? Má ṣe é. Èyí tí wọ́n mú nínú igbó sábà máa ń ní aràn, òótọ́ ni, àmọ́ a gbọ́dọ̀ mọ irú èyí tó jẹ́. Mú ìgbẹ́ ẹ̀, tuntun, èyí tó ya láàárọ̀ ọjọ́ náà, sínú ike kékeré tó mọ́, fi owú tó rin díẹ̀ sí i kó má gbẹ, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti ìjọba ní Mókọ́lá, wọ́n á wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Kò dìgbà tó o bá gbé ọ̀gà fúnra ẹ̀ dání ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìrìn inú ọkọ̀ nínú oòrùn yẹn gan-an lè da gbogbo nǹkan rú. Tó bá di dandan kó o gbé e, àárọ̀ kùtù ni, nínú páálí tó ní ihò, pẹ̀lú ẹ̀ka igi tó lè dì mú. Sọ fún wọn nípa ìwé tí kò sí náà, wọ́n á sọ bó o ṣe máa ṣe é fún ẹ.

Kó o tó lọ, wá ìwọ̀n ilé ìdáná oní nọ́ńbà, wọn ẹran náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí a máa bi ẹ́ nìyẹn.

Tata_àti_Ìrẹ̀_Mọ́níyà
Àkànbí, ọjọ́ tó o bá ń bọ̀ láti Yunifásítì, yà sí Mọ́níyà wá mú ìrẹ̀ àti eṣinṣin dúdú. Mú ike oníhò dání o, mi ò ní náílọ́ọ̀nù, wọ́n máa ń jẹ ẹ́ lu.